Ọnà Tó Wà Lọ́wọ́ Kareemah

Kí ni ó ń sọ ọnà di ti ẹni tí ó yà á?

Ìbéèrè yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, kọ sí ojú pátákó lọ́jọ́ tí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ fi ọnà kéékèèké kún ìwé ìyàwòrán wọn. Kí wọ́n mú àmì kan, kí wọ́n máa tún un yà títí ojú ewé yóò fi kún. Ẹni tó bá gbé ìwé wá gbọ́dọ̀ mú ìdáhùn dání.

Zakiyyah, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ya ìlà kólokòlo tí ó ń rí lára páànù ilé wọn. Ó ya hóró ìbẹ́pẹ, ó tò wọ́n bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ la èso náà. Àfi ìgbà tí Àyàntúndé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, yọjú wo ìwé náà.

"Zakiyyah, ṣé ekòló lò ń sìn sínú ìwé ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Wá wo ọnà gidi."

Ó na fóònù sí i. Òdòdó lọ́ mọ́ òdòdó, ewé hù láti inú ewé. Nígbà tí Zakiyyah délé, ó fa ojú ewé tirẹ̀ ya. Ó gba àwọn àwòrán náà sórí fóònù ìyá rẹ̀, ó gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ó sì ń tọ ìlà wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kareemah, tí yìgì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, rí ìwé náà.

"Háà! Ìwọ lo ya èyí?"

Zakiyyah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò fi ẹnu purọ́; orí ni ó fi purọ́, irọ́ orí kò sì kéré sí ti ẹnu.

"Ó tán. Ìwọ lo máa lé làálì sí mi lọ́wọ́ fún yìgì. Mi ò wá ẹlòmíràn mọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú yìgì, Kareemah jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí. Zakiyyah ká ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀pà, ó rọ làálì sínú rẹ̀, ó sì gé ṣónṣó rẹ̀. Òdòdó kìíní bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú fóònù tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ kò tẹ́. Nígbà tí ó dé ìdí àtàǹpàkò, kò mọ ìlà tó yẹ kó tẹ̀ lé. Ó kàn fà á lọ, ìlà náà sì ṣìnà gba ẹ̀yìn ọwọ́ ìyàwó kọjá. Ó yára nù ún, àmọ́ làálì ti mú.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú." Ó gbé ọ̀rá làálì sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n yà. Inú fóònù ni mo ti tọ̀ ọ́."

Kareemah gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè. "Àwọn àna mi láti Kuta ń bọ̀ lọ́la. Ìyá ọkọ mi á di ọwọ́ yìí mú lójú gbogbo èèyàn." Ó mí kanlẹ̀. "Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ìwọ gan-an, kí lo mọ̀ ọ́n yà?"

"Ìlà ara páànù lásán ni, mà."

"Òun ni kó o yà. Ṣé a tún lè gé ọwọ́ yìí sọnù ni?"

Zakiyyah fi ìlà tó ṣìnà ṣe àkọ́kọ́, ó to ìlà kólokòlo mìíràn tẹ̀ lé e. Ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀, ìlà náà tẹ̀ bá a. Ó fi hóró ìbẹ́pẹ dí àárín wọn. Àbọ̀ òdòdó náà kò ṣeé fi pamọ́. Ó yọjú létí ọnà bí àlejò tí a kò pè. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ di ọwọ́ náà mú, ó rẹ́rìn-ín sí àbọ̀ òdòdó yẹn, ó sì béèrè ẹni tó lé làálì.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sí kíláàsì, ìwé Àyàntúndé kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n inú fóònù ni ó ti ń wá ìdáhùn. Zakiyyah ti yọ gbogbo ohun tí ó tọ̀ kúrò nínú tirẹ̀; ìlà páànù àti hóró ìbẹ́pẹ nìkan ni ó tún yà sí i.

"Ìwé rẹ kò kún," ni Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó kún un tẹ́lẹ̀ kì í ṣe tèmi."

"Ìdáhùn ńkọ́?"

Zakiyyah dìde dúró. "Ọnà di tèmi, sà, nígbà tí ọwọ́ mi bá ṣìnà nínú rẹ̀, tí mo sì mọ ibi tí màá gbà padà."