Àpò Kékeré Inú Kọntéénà

"Ìdun ò jẹ́ kí n fojú kan oorun." Ohun tí ìyá ń wí láràárọ̀ nìyẹn. Ó sì ń dun ọmọ rẹ̀, Agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ń já ẹrù nínú kọntéénà ní èbúté.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí kọntéénà tó kún fún àgbàdo. Àwọn àpò aṣọ kéékèèké wà láàárín ẹrù, lẹ́búlẹ́bú bí eérú ló wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ ti kìlọ̀ títí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n àwọn ajẹ́rù ti sọ kíkó wọn lọ sílé di ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí kòkòrò tó lè dúró dè é.

Agùntáṣọọ́lò ki mẹ́ta bọ àpò ṣòkòtò. Ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó wá ti fèrèsé pa kí agbára lẹ́búlẹ́bú náà má bàa jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá ń rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. Kò sóhun tó jẹ mí mọ́jú."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sùn ni, Màámi."

Kó tó di ọ̀sán, ìyá ti ń bì, àyà ń fún un. Ìyàwó Agùntáṣọọ́lò rò pé oúnjẹ àná ni. Wọ́n ní kí ìyá padà lọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà. Ó ṣeni láàánú.

Ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin kan ní ilé kejì, tó ń yẹ kọntéénà wò ní èbúté, wá kí i. Ẹnu ọ̀nà ló ti dúró.

"Kí ló ń rùn bí aáyù níbí?"

Agùntáṣọọ́lò ò lè wojú rẹ̀. "Àpò inú kọntéénà ni. Mo fi pa ìdun."

"Ẹ gbé Màmá jáde kíá. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má da omi sí i o, ṣe ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò tún máa tú sí i."

"Ṣebí eérú lásán ló kù níbẹ̀."

"Oògùn kòkòrò àgbàdo tó ń tú afẹ́fẹ́ olóró ni. Tó bá dà bí eérú, kò túmọ̀ sí pé ó ti tán. Kò sì mọ ìdun yàtọ̀ sí èèyàn."

Wọ́n sáré gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin ajẹ́rù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ kọntéénà kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ní atẹ́gùn ti fẹ́ sí i tó. Bí ẹ bá rí àpò yìí, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ pe ẹni tó ń yẹ kọntéénà wò. Èyí tó bá ti wà nílé ńkọ́? Kí gbogbo yín jáde, kí ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó. Bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá, ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ lò fún dókítà. Ẹ má tijú.

Agùntáṣọọ́lò fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ báyìí.

"Ìdun tán lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lóòótọ́," á sọ bẹ́ẹ̀. "Màámi náà ò sí níbẹ̀ mọ́."