Táǹkì Ò Jò, Ilẹ̀ Ńkọ́?

Kiréènì gbé táǹkì náà jáde kúrò nínú ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń gbé ọmọ tó ti sùn lọ. Wọ́n ti fa epo inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti lé gáàsì inú rẹ̀ jáde kó má baà gbiná. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ tán, Ọ̀gá Elépo, ẹni tó ni ilé epo náà, yí i po, ó ń fọwọ́ gbá a lára bí ẹni fẹ́ ra màlúù.

"Ẹ wá wò ó o! Ihò kan ṣoṣo, ẹ bá mi wá a! Ṣé mo sọ fún yín àbí n ò sọ? Táǹkì ò jò. Ẹ da yanrìn sí kòtò yìí, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀."

Awakọ̀ típà tó kó yanrìn wá ti ń tan ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, sà."

Ọmọbìnrin kan ló sọ̀rọ̀. Ọmọ ayẹlẹ̀wò ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Kò-gbà ni wọ́n ń pè é nílé, torí láti kékeré, bí wọ́n ní kó lọ sùn, kò gbà. Bí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n ní kó dìde, kò gbà náà ni. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni láti yẹ ilẹ̀ wò níbikíbi tí wọ́n bá ti hú táǹkì epo, kó lè mọ̀ bóyá epo ti ba ilẹ̀ jẹ́. Àsìkò ìsinmi ni, Kò-gbà sì bá a wá síbi iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń wa ilẹ̀ ti bu iyẹ̀pẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀ láti abẹ́ ibi tí táǹkì jókòó sí. Iyẹ̀pẹ̀ náà mọ́, kò rùn, ìyá sì ti bù ú sínú àwọn ìgò àyẹ̀wò. Ìgò kan péré ló ṣẹ́ kù, ti ibi tí páìpù ti so kọ́ra lẹ́bàá ògiri. Kọnkéré ló bo ibẹ̀, Ọ̀gá Elépo ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ.

"Táǹkì ò jò, mo ní táǹkì ò jò!" ló ń tẹnu mọ́.

Ìyá wo ojú rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Ọ̀gá Elépo yìí ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn elépo yòókù kí wọ́n tó gbéṣẹ́ fún un. Ó mú ìgò tó ṣófo náà, ó tún gbé e sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n dúró sí ni Eléyinjú, ọmọ Ọ̀gá Elépo, ti fa Kò-gbà lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń ta epo. Ọ̀rẹ́ àtìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Ilé Eléyinjú ni iná ti ń tàn, ibẹ̀ ni ìwé wà, ibẹ̀ náà ni Kò-gbà ti ń kàwé ìdánwò.

"Kí ló dé o? Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Owó ilẹ̀ yẹn ni Dádì máa fi rán mi lọ kàwé lókè òkun. O mọ̀!"

"Mo mọ̀."

"Ó dáa, bu iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ yẹn sínú ìgò tó kù, kó o kọ páìpù sí i lára. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Agbẹjọ́rò ilẹ̀! Ṣé torí iyẹ̀pẹ̀ lo fẹ́ bá mi jà?"

"Ìwọ náà wo ẹ̀yìn ògiri yẹn. Ṣé o rí kànga tí àwọn ayálégbé ń pọn? Omi tí wọ́n ń mu nìyẹn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Bí páìpù bá ti ń jò síbẹ̀ látọjọ́ yìí, kí lo rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ á dà?"

Ojú Eléyinjú le. "Tó o bá ṣe é, má tẹ ilé wa mọ́."

Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ típà ti ń fẹ̀yìn rìn bọ̀. Ni Kò-gbà bá sáré lọ sórí kọnkéré ẹ̀bá ògiri, ó sì kúnlẹ̀ gbọin.

"Ọmọ yìí, dìde níbẹ̀!" Ọ̀gá Elépo jágbe.

"Ẹ má bínú, sà. Mo kúnlẹ̀ fún yín, bàbá mi ni yín. Ṣùgbọ́n n ò ní dìde àfi tí wọ́n bá fọ́ ibí yìí."

"Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, sà. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyí."

Awakọ̀ típà pa ọkọ̀, ẹ̀rín gbà á. "Ọ̀gá, báwo ni kí n ṣe da yanrìn lé ọmọ tó ń kí yín lórí?"

Nígbà náà ni ìyá mú ìgò tó kù náà dání. "Ẹ fọ́ kọnkéré yẹn," ó wí fáwọn òṣìṣẹ́. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí mi ò bá yẹ ibẹ̀ wò, mi ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ yìí."

Wọ́n fọ́ ọ. Kò sídìí fún ìbéèrè kankan. Òórùn epo bẹ́ sí wọn nímú, iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì dúdú mìnìjọ̀. Ìyá wọ ìbọ̀wọ́, ó ki iyẹ̀pẹ̀ náà kún ìgò dé ẹnu, kí òórùn epo má baà rí àyè sá lọ, ó dé e pa, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kúlà tí yìnyín wà, kó má baà gbóná. Kò-gbà ló lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé pé kí wọ́n má pọn kànga wọn títí wọn yóò fi yẹ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò fi hàn pé epo ti rin ilẹ̀ náà, ó ń wọ́ lọ sọ́nà kànga, àmọ́ kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pa dà lẹ́yìn. Ọ̀gá Elépo kó iyẹ̀pẹ̀ burúkú náà jáde títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì bá ìyá Kò-gbà sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti wọ́n fún ìyá. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sọ Kò-gbà ní Onímú-Ajá. Bó bá wọ kíláàsì, wọn a dímú, wọn a máa yínmú. Orí tábìlì ilé ìdáná wọn ló ti kàwé ìdánwò, láàárín abọ́ àti ìkòkò.

Láàárọ̀ ìdánwò àkọ́kọ́, Eléyinjú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Ṣé inú ẹ ti wá dùn báyìí?"

"Inú mi ò dùn. Ó dùn mí torí tìẹ, ojoojúmọ́ ló ń dùn mí."

"Ó dáa, sọ pé o jẹ̀bi."

"Mi ò jẹ̀bi. Bí o bá fẹ́ ká jọ kàwé, tábìlì wa gba èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n n ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí òótọ́."

Eléyinjú kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ṣáájú wọlé. Kò-gbà gbé ojú sókè, ó gba àárín àwọn tó ń yínmú kọjá, ó lọ jókòó síbi tirẹ̀, ó sì mú báírò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá bo ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́, omi ẹlòmíràn ló ń bà jẹ́. Bí ẹ bá gba òótọ́ mú, ó lè mú kẹ́ ẹ dá jókòó fúngbà díẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ìjókòó náà ò ti ẹnikẹ́ni lójú.