Ìròyìn Ọjọ́ Ajé

"Kà á tán kí o tó fi bírò pupa kàn án o," ni ìyá Kíákíá wí, bó ṣe máa ń wí ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá ti gbé àpò ìwé kalẹ̀ sórí tábìlì. "Bí o bá kà á tán, kí o wá sọ ohun tí àwọn ọmọ mi kọ fún mi."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Tísà ni ìyá náà, kíláàsì kẹta ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ní ètò tí kì í yẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìṣirò àkọ́sórí, Ọjọ́rú ni iṣẹ́ ọwọ́, tí lẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ọmọ lórí. Ọjọ́bọ̀ ni orin, ọjọ́ Ẹtì ni ìwé kíkà sókè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, torí ọjọ́ náà ni kálukú ń kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, tí tísà á sì kọ èsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ẹni tí ewúrẹ́ jẹ bàtà rẹ̀ á kọ ọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ hanrun títí àlejò fi sá lọ, òun náà á kọ ọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá ni. Dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ìwé fún oṣù méjì. Ìyá kò fẹ́ kí wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ òun, nítorí náà ẹnu ló fi ń kọ́ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló sì ń bá a ka ìwé ìròyìn, tó sì ń kọ èsì sí i. Kíákíá tí wọ́n ń pe ọmọ náà kò ṣàdédé wá. Òun ló máa ń kó abọ́ lọ fọ̀ nígbà tí ẹni tó ń jẹun kò tíì gbé òkèlè ìkẹyìn mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ. Ní ọjọ́ Ajé kẹrin yìí, kò tíì kà ju ìwé mẹ́ta lọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi yọ lójú fèrèsé.

"Ṣé o ò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni? Gbogbo kíláàsì wa ti wà lórí pápá!"

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni èkejì wí, ó sì kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. "Ó ti di tísà. Ẹ káàsán o, mà!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ta Kíákíá lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ti sùn lọ nínú àga pẹ̀lú awò dúdú lójú. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n etí ọmọ tí ọ̀rẹ́ ń dúró dè kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé kan, ó fa àmì pupa, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó pa á dé. Ó ṣí òmíràn. Ogójì ìwé ló kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí láìka ẹyọ kan: "Ó dára púpọ̀. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀." Ó dé pápá kí wọ́n tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé.

Nígbà tó padà dé, ìyá bi í pé, "Kí ni àwọn ọmọ mi wí?"

"Kò sí nǹkan tuntun, Màámi. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jà nítorí ẹran."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Kékeré-Àgbà ńkọ́?"

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ló ń gbé, àwọn méjì péré, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti di ti arúgbó. Kì í pẹ́ sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Nígbà tí a wà lọ́mọdé."

"Òun náà ní kí n kí yín," ni Kíákíá fèsì. Irọ́ náà kò há a lọ́nà ọ̀fun rárá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n pín ìwé padà, Kékeré-Àgbà dúró ti tábìlì. "Tísà, ṣé ẹ rí ohun tí mo kọ?"

"Mo rí i, ọmọ mi. O ṣeun," ni ìyá dá a lóhùn, torí ó gbà pé ẹni tí òun rán ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Kò wá lọ́jọ́rú. Kò wá lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, ìyá ní kí Kíákíá mú òun lọ́wọ́ lọ wò ó. Títì ni ilẹ̀kùn wà. Káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé ló jáde sí wọn, eruku pákó ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìyá àgbà ti lọ o, Tísà. Nígbà tí n kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ wọn mọ́ ni mo lọ kanlẹ̀kùn lánàá. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bá oró mọ́. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kú. Nọ́ọ̀sì ní láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àrùn náà ti kọlù wọ́n. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé wọn wá ni, àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i."

Orí bẹ́ǹṣì ni Kékeré-Àgbà jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bó ti rí tísà rẹ̀, ó mú ìwé ìròyìn rẹ̀ wá. "Tísà, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é."

Ìyá na ìwé náà sí ọmọ rẹ̀. "Kà á fún mi."

Kíákíá ṣí i. Ó mọ̀ pé òun lè fo ohun tí òun bá fẹ́ fò, ìyá òun kò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó kà á.

"Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi àgbà ṣubú nídìí ẹ̀rọ. Ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kò lè gbé apá wọn. Wọ́n ní kí n má da aládùúgbò láàmú. Mo ń fi ṣíbí fún wọn lómi. Mo fi aṣọ bò wọ́n. Tísà, ṣé kí n pe ẹnìkan, àbí kí n máa fún wọn lómi?"



"Kí ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?" ni ìyá béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó dára púpọ̀. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà gbé ọwọ́ lérí. "Háà, Tísà! Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ Ajé?"

"Èmi ni tísà rẹ̀," ni ìyá wí. Omi ń ṣàn lábẹ́ awò dúdú náà. "Ọwọ́ mi ni ẹ̀bi náà wà."

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìyá ì bá ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ délé, Kíákíá ì bá sì dákẹ́ tẹ̀lé e. Ó ti fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n Kékeré-Àgbà fa aṣọ tísà rẹ̀.

"Àbí n kò kọ ọ́ dáadáa ni, Tísà? Ṣé kò yé yín ni?"

Kíákíá wólẹ̀ lórí eruku pákó, ẹkún gbà á lẹ́nu. "O kọ ọ́ dáadáa. Ó yé èèyàn. Èmi ni mo kọ èsì yẹn, kì í ṣe Tísà. N kò kà á. Bọ́ọ̀lù ni mo sáré lọ wò."

Ọmọ náà yíjú sí i. "Ẹ ò kà á?"

"N kò kà á."

Kékeré-Àgbà gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó ti káfíńtà. Kò tún wo ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀rọ̀. Kíákíá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní tísà ló ni kíláàsì, ó sì gba kíláàsì náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àbúrò ìyá Kékeré-Àgbà wá mú ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn. Kíákíá lọ dágbére fún un, ọmọ náà kò jáde.

"O ṣeun tí o sọ òtítọ́," ni ìyá wí fún un nílé. "Mi ò ní í bínú sí ọ títí ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé la ti nílò òtítọ́ náà, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tí ẹ kò bá lè ṣe, ẹ dá a padà ní gbangba. Ẹ má ṣe é wàdùwàdù kí ẹ sì pè é ní ṣíṣe. Ì bá sàn kí Kíákíá jí ìyá rẹ̀, kó sọ pé bọ́ọ̀lù ń pe òun, kí ìwé náà sì wà níbẹ̀ láìní àmì kankan. Kékeré-Àgbà ì bá ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì dá òun lóhùn, ì bá sì ti sáré lọ pe káfíńtà.