Ẹ̀rọ Ìsàba Ọlábọ̀wálé

Ẹsẹ̀ ni Ọlábọ̀wálé kọ́kọ́ rí lára Janet Bámigbóyè. Ó yọ lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọjà Òmù-Àrán. Nígbà tí orí tẹ̀ lé e, gírísì wà nímú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

“Mo ń wá oníṣẹ́ iná,” ni ọkùnrin náà wí.

“Ẹ ti rí i. Ẹ fà á lọ́wọ́ kó lè dìde.”

Ó fà á. Kò tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Lásìkò náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ń kógbá sílé l'Ékòó. Iṣẹ́ iná ni Janet ń ṣe ní ọ̀kan nínú wọn kó tó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọlábọ̀wálé ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ ìsàba ní Èsìẹ́, àpótí oníná tí ń sàba lórí ẹyin bí ìyá adìẹ, tó fi ń pa òròmọdìẹ tà, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹyin ń kú mọ́ inú ẹ̀rọ náà.

Janet bá a débẹ̀, ó tú u wò. Rílè ló bàjẹ́, ẹ̀yà dúdú kékeré tí ń tan iná, tí ń sì pa á fúnra rẹ̀. Irú kan náà ni Ọlábọ̀wálé fi sí wáyà tí ń mú ooru wá àti fáànù tí ń tu ẹyin lára.

“Kò yẹ kí wọ́n dọ́gba,” Janet ní. “Wáyà ooru kì í yọni lẹ́nu, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló máa ń lọ. Mọ́tò ló wà nínú fáànù. Bó bá fẹ́ gbéra, á fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bó bá fẹ́ dúró, á tún ta iná padà. Rílè kékeré ò lè gbà á. Ó jó, ó lẹ̀ pọ̀, fáànù ò wá dúró mọ́. Òtútù ló pa ẹyin yín.”

“Ọkàn tèmi náà ti gbéra látàárọ̀, kò fẹ́ dúró.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ti fáànù ṣe.”

Ó wá rílè tó tóbi dáadáa fún mọ́tò náà, ó dè é mọ́ páànù tó nípọn kí ooru rẹ̀ lè máa jáde, ó sì fi ẹ̀yà tí ń gbé iná àtapadà mì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi èyí tó kéré sílẹ̀ fún wáyà ooru. Wọ́n to ẹyin tuntun. Ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó, kò sì pẹ́ tí kì í ṣe ẹyin nìkan ló ń wá wò mọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá Janet, Tísà Ignatius, ti fi í lọ Ambrose tí ń ta ọkọ̀ l'Ékòó, pé kó fi ṣaya.

“Ọkùnrin tí ẹyin ń kú mọ́ lọ́wọ́,” ni bàbá wí, “kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi?”

“Mo ti tún ẹ̀rọ náà ṣe, Bàbá. Ẹ wá wò ó. Bí ẹyin náà ò bá pa, mo ṣe tán láti lọ bá Ambrose.”

Ọlábọ̀wálé sáré wá bá Janet nígbà tó gbọ́. “Olólùfẹ́ mi, o fi mí ta tẹ́tẹ́?”

“Mi ò ta tẹ́tẹ́. Mo mọ ohun tí mo dè.”

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, bàbá dé sí Èsìẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán. Kò jókòó. Fáànù gbéra, ó fẹ́ díẹ̀, ó dúró. Ọlábọ̀wálé ń làágùn. Bàbá tẹ́tí mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, lẹ́yìn náà òmíràn, títí ariwo fi gba inú ibẹ̀ kan. Janet ṣílẹ̀kùn. Èèpo ń là, òròmọdìẹ tí omi ṣì wà lára wọn ń ti ara wọn.

Bàbá ṣí fìlà. “Ìwọ lo ṣe èyí?” ó bi Janet.

“Àwa méjèèjì ni, Bàbá.”

Bàbá kọjú sí Ọlábọ̀wálé. “Sọ fún àwọn àgbà ilé yín pé n ó máa retí wọn lọ́jọ́ Àìkú.”

Ọlábọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, wọ́n ṣègbéyàwó ní Òmù-Àrán. Àwọn aládìẹ wá láti Òwu-Ìsin àti Òkè-Onígbìn, Tísà Ignatius sì ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè, ìdí tí rílè fáànù fi gbọ́dọ̀ tóbi.