Fídíò Ìṣẹ́jú Kan Ààbọ̀

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ba Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní imú, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí tábìlì.

"Ṣé mi ò ní kí o gbé fóònù yẹn síbi tí màá ti rí i ni?" Gìrìpá bi í. Kò dúró gba èsì tó fi tún gbá a ní òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ kò tó nǹkan. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi ìdánwò kékeré kan ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọmọ kíláàsì, ó sì sáré lọ sí ọ́fíìsì láti mú wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Gìrìpá kò mọ ìdáhùn kankan. Ó fẹ́ wo ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì da fóònù tirẹ̀ dojú dé. Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí òbí sọ àwọn méjèèjì pè wọ́n mọ́ ní kíláàsì náà. Ẹ wo ọ̀kan, ó ga, ó ki pọ́pọ́. Ẹ wo ìkejì, ó tín-ín-rín débi pé bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú táblẹ́ẹ̀tì kíláàsì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ya fídíò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà ní búlọ́ọ̀gù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ mìíràn bí wọ́n ṣe lè fi fóònù àti kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ níwèé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Búlọ́ọ̀gù. Òun á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, Akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́, á fi fídíò sí i, á sì gbé e jáde. Ọmọbìnrin yìí mọ páásíwọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀gù náà sórí bí orúkọ ara rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, àmọ́ ohun kan ń dùn ún dọ́kàn: èèyàn méjìlá péré ló ń kà á, ọkọ Ìyá Búlọ́ọ̀gù sì wà nínú wọn.

"Yà á! Yà á!" ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo.

Akọ̀wé gbé táblẹ́ẹ̀tì sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Gìrìpá di Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́rùn mú, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri gbàmù. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú. Gìrìpá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá ní ìhà, ó ń kà á bí ẹni ń ka eré ìdárayá: "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Ẹnì kan dí Akọ̀wé lójú, ni ó bá dìde, ó gba àárín àga kọjá, ó sì sún mọ́ wọn kí ojú ọmọ tó wà nílẹ̀ lè hàn dáadáa. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni fídíò náà nígbà tí Ìyá Búlọ́ọ̀gù já wọlé, tó ju wáyà sílẹ̀, tó sì fi gbogbo ara fa Gìrìpá kúrò. Eyín méjì tó yọ lẹ́nu Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kó sí àtẹ́lẹwọ́ lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ọ̀rẹ́ Akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín tọ̀ ọ́ wá.

"Gbé e sórí búlọ́ọ̀gù jàre!"

"Ti àwọn olùkọ́ ni o."

"Àwọn olùkọ́ ò lójú ni? Ó dáa, máa bá èèyàn méjìlá rẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó kọ àkọlé sí i: "Ẹ Wo Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Bí Olùkọ́ Bá Jáde." Ó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde nílé-ìwé, èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti wò ó. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ká má purọ́, inú Akọ̀wé dùn. Ó ń rìn bọ̀ nílé-ìwé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Wọn ò tíì pe orúkọ tán nígbà tí ilẹ̀kùn kíláàsì ṣí gbàgà. Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ tí iná ti jó lu lápá, ọ̀pá irin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó ti rí ojú Gìrìpá nínú fídíò.

Gìrìpá, tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀, sá lọ sí igun kíláàsì, ó ká ọwọ́ lé orí. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá! Ẹ jọ̀ọ́!" Ọ̀pá náà bà á ní èjìká, ó ké bí ọmọ ọwọ́. Bí wẹ́dà ṣe tún gbé e sókè ni Ìyá Búlọ́ọ̀gù kó sáàárín wọn, ó na ọwọ́. Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ bí egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe ṣẹ́.

Àwọn olùkọ́ sáré dé, mẹ́rin ló di wẹ́dà mú. Ẹkún ló ń sun. "Ní ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń wò ó! Àwọn oníbàárà mi ń fi àbúrò mi rẹ́rìn-ín lójú mi!"

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyá Búlọ́ọ̀gù fi ìborùn so ọwọ́ kọ́rùn, òógùn ìrora bò ó lójú. Akọ̀wé ló bá a gbé báàgì wọlé.

"Mà, búlọ́ọ̀gù yín ni àbí tiyín kọ́?" ọ̀gá bi í. "Ẹ gbé ìyà ọmọ ọlọ́mọ síta fún gbogbo ayé wò. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó lé yín."

Ìyá Búlọ́ọ̀gù wo Akọ̀wé. Àwọn méjì péré ló mọ páásíwọ́ọ̀dù náà. "Tèmi ni, sà," ló fi dáhùn.

Ẹ̀rù ba Akọ̀wé. Ìdánwò àṣejáde wọn ku oṣù méjì. Bó bá dákẹ́, ọ̀gá kò ní mọ̀. Ó tún wo ọwọ́ tó wú náà.

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, sà. Wọn ò mọ̀ sí i."

Wọ́n ní kí Akọ̀wé lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá kò sì mẹ́nu ba lílé Ìyá Búlọ́ọ̀gù mọ́. Wọ́n fòfin de fóònù nínú gbogbo kíláàsì, wọ́n sì ti búlọ́ọ̀gù náà pa. Akọ̀wé pa fídíò rẹ́ kí wọ́n tó tì í, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lórí fóònù àwọn tí kò mọ̀ rárá. Wẹ́dà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìyá Akọ̀wé mú un lọ sílé ìwòsàn láti tọrọ àforíjì. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ wú, ó sì ń fi ọwọ́ di ìhà kó tó lè mí. Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà yíjú sí i.

"Mo rí ọ nígbà tí o dìde, tí o ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Mo rò pé o fẹ́ wá là wá níjà ni."

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Kí lò ń rò nígbà yẹn?"

"Mò ń rò pé kí ọwọ́ mi má gbọ̀n, kí fídíò má baà bàjẹ́."

Ìyá rẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà. "Ìwọ náà lù ú nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó rí i tí wọ́n ń lu èèyàn, tó lè kígbe, tó lè sáré pe àgbà, àmọ́ tó dúró ń ya fídíò, ó ti wà lára àwọn tó lù ú. Ẹni tó bá sì tún gbé e jáde, ó ń lù ú lọ ni."