Abẹ́ Awo Ni Kí O Kọ Ọ́ Sí

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà rí ọmọbìnrin náà, awo ìwádìí mẹ́rìnlá ló tò léra mọ́ àyà, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní láàbù, ìyẹn yàrá ìwádìí, ti gùn jù fún un, ó ká apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ó ṣì ń bò ó lọ́wọ́. Ó di ètè mọ́ra, ojú rẹ̀ ò kúrò lára awo.

Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá a. Ó ga débi pé Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo ẹ̀ka bàọ́lọ́jì ń pè é, títí kan àwọn olùkọ́.

"Ẹlẹ́sọ̀," ló wí, "ṣé ẹyin ló wà níbẹ̀ ni?"

"Kòkòrò àrùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Kòkòrò àrùn kẹ̀? Àwa tí à ń wá ìyàwó, o fẹ́ kó àrùn ràn wá!"

Ọmọbìnrin náà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Awo tó wà lókè pátápátá mì, ọkùnrin náà sì na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó gbá a mú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Láti ọjọ́ náà, Ẹlẹ́sọ̀ ló ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún kejì ni Ẹlẹ́sọ̀ wà ní yunifásítì. Agùntáṣọọ́lò ti gba oyè àkọ́kọ́, oyè kejì ló ń wá, òun ló sì ń bójú tó àwọn ọmọ kíláàsì ọmọbìnrin náà ní láàbù. Ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí ni bóyá oje ewé kan lè pa kòkòrò tí kì í jẹ́ kí egbò jinná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún un. Egbò kan ti wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Oògùn ilé ìwòsàn ni ìyá náà ń lò sí i, ó sì ń jinná bí ìgbín ṣe ń rìn.

"Wá ràn mí lọ́wọ́," ni ọkùnrin náà sọ fún Ẹlẹ́sọ̀ lọ́jọ́ kan. "Èmi náà á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìwádìí."

Ìwé ìwádìí ń dẹ́rù ba Ẹlẹ́sọ̀, kò sì fi pa mọ́. Ó lè ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó má di nǹkan kan mú. Ọkùnrin náà jókòó tì í ní ilé ìkàwé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìparí ìwé náà.

"Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré lọ ka ohun tí wọ́n rí. Ìwọ, kọ́kọ́ ka bí wọ́n ṣe wá a. Awo mélòó? Kí ni wọ́n fi wé kí ni? Ṣé wọ́n tún un ṣe? Tí wọ́n bá ti gba ọ̀nà tí kò dáa, ibi tí wọ́n dé ò lè dáa."

"Ẹ̀yin bùrọ̀dá yìí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà."

"Bùrọ̀dá ta ni? Ṣé bùrọ̀dá ló ń gbé omi tútù wá fún ẹ lójoojúmọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo ìgò omi tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ojú ọkùnrin náà, ara rẹ̀ gbóná. Kí oṣù yẹn tó parí, "ẹ̀yin" ti di "ìwọ", "bùrọ̀dá" sì ti di "ìfẹ́ mi".

Awo ìwádìí kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á da oúnjẹ kòkòrò sínú rẹ̀ kó dì, wọ́n á fi kòkòrò pa á lórí, wọ́n á wá gbé bébà kékeré tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e láàárín. Bí oògùn náà bá lágbára, kòkòrò àyíká bébà á kú, ibẹ̀ á mọ́ roro. Awo méjìlá ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ajé kan: mẹ́rin fún oje ewé, mẹ́rin fún oògùn ilé ìwòsàn, mẹ́rin fún omi lásán. Ẹlẹ́sọ̀ ló fi máákà kọ ọ́ sára wọn kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ ti ewé. Orí ọmọrí ló kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ náà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo. Abẹ́ awo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, torí ọmọrí ń ṣí kúrò, abẹ́ awo ò lè ṣí lọ síbì kankan. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tó bá ti mọ nǹkan tipẹ́ máa ń rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun nìkan ló wà ní láàbù. Ó rí i pé omi ti sẹ̀ sínú àwọn ọmọrí kan, ó ní kí òun nù ún. Ó ṣí mẹ́jọ, ti ewé àti ti oògùn, ó to àwọn ọmọrí náà sórí aṣọ kan. Ni ilẹ̀kùn bá gbá lẹ́yìn rẹ̀, gbàà! Ó fò sókè, ìgúnpá rẹ̀ kọ́ aṣọ náà, ọmọrí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì tú ká sílẹ̀.

Ó wo àwọn awo náà. Awo mẹ́rin mọ́ roro láàárín, mẹ́rin ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Èwo ni ti ewé? Kò mọ̀. Ó gbé ọmọrí ewé lé àwọn tó mọ́, ó gbé ti oògùn lé ìyókù. Ṣé torí pé ibẹ̀ ló rò pé wọ́n wà ni, àbí torí pé ibẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n wà? Òun gan-an ò lè sọ.

Lọ́sàn-án, Agùntáṣọọ́lò mú rúlà dé. Ó wọn awo àkọ́kọ́. Ó wọn ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó ju rúlà sílẹ̀, ó gbé ọmọbìnrin náà sókè láti ìbàdí.

"Ewé ta oògùn yọ! Ẹlẹ́sọ̀ mi, ọwọ́ ẹ dáa! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́!"

Ẹlẹ́sọ̀ la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rí ojú ọkùnrin náà, ó pa ẹnu dé. Ọkùnrin tó ń kọ́ni pé ká wo ọ̀nà ká tó wo ìparí, ìparí ti wọ òun náà lójú.

Láti ìgbà náà, ọkàn Ẹlẹ́sọ̀ ò balẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní Ẹlẹ́sọ̀, á dà bíi pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá sọ ọ́, ọkùnrin náà á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, irọ́ á wọ ìwé, orúkọ ẹni tó fẹ́ràn á sì wà lórí irọ́ náà. Lọ́jọ́bọ̀, Ẹlẹ́sọ̀ pe ìyá tirẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, lórí fóònù.

"Màmá, tí èèyàn bá ṣi aṣọ oníbàárà gé ńkọ́?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lọ́hùn-ún. "Ṣé o ti rán an?"

"Rárá, mà."

"Lọ sọ fún un kó o tó rán an. Aṣọ tó o ṣì gé, àṣìṣe ni. Tó o bá wá rán an, tó o lọ̀ ọ́, tó o ká a fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ti di irọ́ nìyẹn." Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Oníbàárà ọ̀hún, ṣé ọkùnrin ni?"

"Màmá!"

"Mo kàn ń béèrè ni o."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá Agùntáṣọọ́lò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀, ọkùnrin náà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó kó ìwé èsì ìwádìí dání.

"Jọ̀ọ́, má tíì wọlé."

"Kí ló dé? Ìfẹ́ mi, sọ̀rọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: máákà, ọmọrí, ilẹ̀kùn. Ó sọ èyí tó nira jù pẹ̀lú. "Mo fẹ́ kó jẹ́ ewé ni. Bóyá ìyẹn ló darí ọwọ́ mi."

Ó ń retí kí ọkùnrin náà bínú. Kò bínú. Ẹ̀rù ló bo ojú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba ọmọbìnrin náà jù.

"Mo ti pe màmá mi," ni ọkùnrin náà wí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà. Mo ní ewé ju oògùn lọ. Wọ́n ní inú àwọn dùn, àwọn á dá oògùn yẹn dúró kí n tó gbé ewé dé, torí ó máa ń rìn wọ́n nínú. Mo sì rẹ́rìn-ín! Mi ò sọ pé kí wọ́n má dá a dúró!"

Ó pe fóònù ìyá rẹ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ gbólóhùn kan fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ibùdókọ̀ lọ. Ẹlẹ́sọ̀ ń sá tẹ̀ lé e.

"Padà sílé."

"Mi ò padà."

Wákàtí méjì ni wọ́n lò nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà jókòó síwájú, ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń tẹ fóònù, tó ń gbé e sétí, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé òun ló máa pàdánù, kí òun pàdánù ọkùnrin yìí, kí ìyá má pàdánù ẹsẹ̀.

Wọ́n bá ìyá náà lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. "Fóònù wà ní yàrá," ló wí, "ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n dìde." Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó pọ́n yí egbò ká, ó gbóná bí orí ẹni tí ibà ń ṣe. Agùntáṣọọ́lò gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n bí ọmọdé, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹlẹ́sọ̀ kó páálí oògùn, ó sì kọ ọjọ́ tí ìyá lò ó kẹ́yìn sórí bébà fún nọ́ọ̀sì.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré?" ni nọ́ọ̀sì wí, tó ń wẹ egbò náà. "Ẹ dúpẹ́. Ká ní ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ọ̀bẹ là bá máa sọ."

Ẹlẹ́sọ̀ bọ́ síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún. Ìyá náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ta lọmọ yẹn?"

Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Nígbà tí ọmọrí já bọ́, ṣé ẹnì kankan rí i?"

"Rárá, màmá."

"Ṣé ẹnì kankan ì bá mọ̀ láé?"

"Rárá."

"Ìwọ tó o ga tó báyìí, o ò rí nǹkan tó wà níwájú ẹ?"

Agùntáṣọọ́lò jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò mọ ibi tó máa na ẹsẹ̀ sí.

"Èmi ni mi ò sọ fún ẹ pé abẹ́ awo ni," ló wí. "Èmi náà ni mo sáré ka ìparí. Má sunkún mọ́. Màmá ní kí n wá bẹ̀ ẹ́, àmọ́ wọn ò tíì rán mi tí mo ti ń bọ̀."

Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé fi díẹ̀ ju omi lásán lọ, kò súnmọ́ oògùn rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ ìwé wọn wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kékeré ni," ó wí, "àmọ́ mo lè gbà á gbọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọmọrí náà sí i." Wọ́n kọ ọ́ sí i.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, nígbà tí egbò ìyá ti pa ẹnu dé, Agùntáṣọọ́lò gbé awo kan síwájú Ẹlẹ́sọ̀ ní láàbù, lójú ọ̀sán gangan. Ọmọbìnrin náà wo ọmọrí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yí awo náà dé, ó sì rí i lábẹ́ rẹ̀: *Ṣé wàá fẹ́ mi?*

Ó rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. "Tí mo bá tún ṣe àṣìṣe ńkọ́?"

"Wàá ṣe é. Èmi náà á ṣe é. Ṣáà sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

Ẹlẹ́sọ̀ mú máákà. Ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sábẹ́ awo náà, ó kọ déètì ọjọ́ náà tì í, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ.