Agogo Tí Wọn Kò Dá Lóhùn

"Ẹ tún ti rí i! Ìyá Ẹ-Sáré ti dé!"

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo yàrá pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, àwọn obìnrin tó fún mọ́ra débi pé ẹni tó bá fẹ́ na ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Iye aṣọ tí èèyàn bá rán ni wọ́n fi ń sanwó fún un, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tá wọn ni.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ-Sáré dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbohùngbohùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe múra de pàjáwìrì: iná, ẹ̀kún omi, gáàsì tó ń jò. Òun ló ń yẹ ilẹ̀kùn wò. Òun náà ló ń tẹ agogo lójijì, kó lè mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá jáde. Bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, èébú ni wọ́n fi ń sìn ín dé ìsàlẹ̀.

Ní kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí àwọn ọmọdébìnrin ti ń gé òwú tó yọ lára aṣọ, ọmọ Ìyá Ẹ-Sáré gan-an ló jókòó sí. Pupa ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìsinmi ilé-ìwé ló gbé e débẹ̀. Ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Pupa, kí ló dé tí ìyá ẹ ò lè jókòó sílé?" Abẹ́rẹ́ ló bi í bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Òun ni ọ̀gá láàárín àwọn tó ń gé òwú. Láti ìgbà tí Pupa ti dé, kò sẹ́ni tó gbà á láyè lórí bẹ́ǹṣì wọn lákòókò oúnjẹ.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," Pupa dáhùn, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń yọ èèyàn lẹ́nu nílé náà nìyẹn."

Ẹ̀rín náà dùn ún ju ìgbájú lọ, ṣùgbọ́n ó rín in.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí i pé ìyá òun ti ki gbohùngbohùn bọ iná ní pálọ̀. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìdánrawò bá wà lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí gbohùngbohùn náà sùn láìgba iná. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Pupa sún mọ́ Abẹ́rẹ́, ó rọra sọ fún un pé, "Agogo máa dún lónìí."

Ojú Abẹ́rẹ́ tàn. Kí oòrùn tó kànrí, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ nínú yàrá. Nígbà tí agogo dún lóòótọ́, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti gbé báàgì kọ́ èjìká, gbogbo wọn ti rọ́ sẹ́bàá àtẹ̀gùn iwájú. Bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò ni wọ́n ṣe tò sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ìyá Pupa kò lè pa dé nísàlẹ̀. "Ẹ ṣé o! Ẹ ti mọ̀ ọ́n!" ló ń wí. Àwọn obìnrin náà ń wo ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n sún fún Pupa lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ bá mi wo ọjà tí ọmọ yìí tà! Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń bọ́ ọ ló fi ra ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kà sí. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wà fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn ti ń dúró de agogo níwájú, kò sẹ́ni tó tún gba ibẹ̀ mọ́. Ìyá Pupa rí i, ó sì sọ ọ́ fún máníjà.

"Wọ́n ń jáde àbí wọn ò jáde?" ni máníjà fi dá a lóhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká rímú mí, ẹ jọ̀ọ́." Bí obìnrin náà ṣe kẹ́yìn sí i, ó ní kí wọ́n kó ìdì aṣọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí àyè ò sí ní sítọ́ọ̀.

Lálẹ́, ìyá Pupa ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. "Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín yìí, ọ̀rọ̀ wọn ò yé mi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù."

"Ẹ ti kọ́ wọn dáadáa ni, Màmá," Pupa fèsì. Inú abọ́ ló tẹjú mọ́.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn lọ́jọ́ tí agogo dún láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ni. Ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ, orí gbogbo sì yí sí kọ̀rọ̀ ibi tí Pupa wà. Àwọn kan ti dìde. Abẹ́rẹ́ náà ti dìde, sálúbàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ! O ò sọ fún wa! Ṣé ìdánrawò ni àbí òun kọ́?"

Pupa kò mọ̀. Kò rí gbohùngbohùn nídìí iná lálẹ́ àná. Bóyá iná gidi ni. Bóyá ìyá òun ti fura, tó sì gbé e pamọ́. Ó wo ojú wọn, ó rí bí ìbínú ṣe ti ń pọ̀ níbẹ̀. Ó ro bẹ́ǹṣì yẹn. Ó ro bí òun yóò ṣe tún máa dá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí.

"Ìdánrawò ni," ó wí. "Màmá ń dọ́gbọ́n sí mi ni. Ẹ jókòó, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ."

Abẹ́rẹ́ pòṣé, ó jókòó. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ariwo agogo. Ẹnì kan tilẹ̀ fi òwú dí etí.

Iná wáyà áyọ́ọ̀nù ló ti ràn mọ́ aṣọ ní yàrá ìsàlẹ̀, ìyẹn ni ẹnì kan níbẹ̀ ṣe tẹ agogo. Nígbà tí èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àtẹ̀gùn iwájú ti dúdú kirikiri. Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn sáré lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Èéfín lé wọn padà.

"Ẹ̀yìn! Ẹ gba ẹ̀yìn!" Pupa ń pariwo.

"Panu mọ́, òpùrọ́!" obìnrin kan sọ, ó tì í dànù.

Ìgbà tí wọ́n rí i pé kò sọ́nà mìíràn ni wọ́n tó ya lọ bá ìdì aṣọ tí wọ́n tò dé àjà. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń hukọ́, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ìdì wó lu Abẹ́rẹ́, àwọn èèyàn sì gun orí ìdì náà kọjá. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pé lé ìyá Pupa lórí níwájú ilé tó jó náà.

"Agogo yín ló fa èyí! Gbogbo ìgbà ló ń dún, a ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ sọ fún mi pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n," máníjà jágbe. Kò dárúkọ ìdì aṣọ. "Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ!"

"Mo rí wọn tí wọ́n ń jáde dáadáa," ni ìyá Pupa ń tún sọ. "Mo rí wọn."

Àwọn tó mọ òótọ́ ń wolẹ̀. Obìnrin kan já Pupa léèékánná lápá. "Bí o bá lanu, gbogbo wa ni wọ́n máa lé."

Pupa wo ìyá rẹ̀, tó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe. Ó lanu.

"Màmá ò jẹ̀bi. Èmi ni mò ń sọ fún wọn kí agogo tó dún. Èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó lánàá."

Bí wọ́n ṣe kọjú èébú sí i nìyẹn, àtàwọn tó ti bá a rẹ́rìn-ín àtàwọn tí kò bá a rín in. Máníjà ní kí tìyá tọmọ má ṣe tẹ ibẹ̀ mọ́ láé.

Ìyá Pupa ló ṣáájú títí wọ́n fi dé ilé. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ti dúró.

"Ká ní o bú mi bí wọ́n ṣe ń bú mi, ǹ bá fara dà á," ó wí. "O wò mí níran, mò ń yọ̀ lórí irọ́." Ó wọlé, ó fi í sílẹ̀ níta.

Nígbà tí Pupa dé ọsibítù, Abẹ́rẹ́ kọjú sí ògiri. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sókè.

"Abẹ́rẹ́, jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo ti dìde," Abẹ́rẹ́ fèsì, kò yíjú padà. "Mo ti wọ bàtà. Ìwọ lo ní kí n jókòó."

Pupa tún sún mọ́ ibùsùn. Ó dúró títí tí nọ́ọ̀sì fi lé e jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹ́ràn òun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ní kí o kọ́kọ́ ta ẹni tó ń dáàbò bò yín kó tó fún ọ níjòókòó, má jókòó tì í. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé, "Mi ò mọ̀." Ká ní Pupa sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá bú u, wọn ì bá sì tún lé e kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ì bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.